"Wò Ó Fún Mi": MG Kan ní Ìsàlẹ̀ Gángan àti Ọjọ́ tí Nàìjíríà Pààrọ̀ Ọ̀nà

Ariwo tó ṣáájú ohùn mi yẹn, òòlù ni. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé kíkà lẹ ń kà á lórí fóònù, ẹ fojú inú wò ó: aago méje àárọ̀ Sátidé ní Ìsàlẹ̀ Gángan, àwọn aláàárù ń gba ẹnu ọ̀nà wa lọ sí Ìdúmọ̀tà pẹ̀lú ẹrù lórí, wọ́n ń ké "àgò lọ́nà o", jẹnẹrétọ̀ ilé kejì náà ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Nínú àgbàlá wa, lábẹ́ páànù tí òjò ti jẹ, panẹ́ẹ̀bítà kan dùbúlẹ̀ lórí páálí, ó ń fi òòlù kan ìdí mọ́tò kékeré kan tí kò jáde nínú ilé yìí láti ọdún 1974.

Lọ́sẹ̀ yìí mi ò gbé máìkì lọ síbì kankan. Ilé wa náà ni mo jókòó sí.

Mọ́tò yẹn, MG ni. Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń sọ báyìí: "Ṣé MG àwọn ará Ṣáínà yẹn?" Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ sì kọ́. Lóòótọ́, ilé iṣẹ́ SAIC ti Ṣáínà ló ni orúkọ náà báyìí, tuntun rẹ̀ sì ń sáré kiri Lẹ́kí. Ṣùgbọ́n kó tó di tiwọn, Morris Garages ni lẹ́tà méjèèjì yẹn dúró fún, ṣọ́ọ̀bù mọ́tò kan ní ìlú Oxford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Abingdon, ìlú kékeré kan nítòsí ibẹ̀, ni wọ́n ti wá ń ṣe mọ́tò náà nígbà tó yá. Irú tiwa ni wọ́n ń pè ní MGB. Ọdún 1962 ni àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde, nígbà tí wọ́n sì máa ti ilé iṣẹ́ Abingdon pa ní 1980, wọ́n ti ṣe é ju 500,000 lọ. Tiwa, ti ọdún 1965 ni. Ìjókòó méjì, òrùlé aṣọ tó ṣeé ká, ẹ́ńjìnì sílíndà mẹ́rin. Kò gùn tó mítà mẹ́rin, fífẹ̀ rẹ̀ sì fi díẹ̀ ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Ìyẹn nìkan ló jẹ́ kó rí ẹnu géètì wa gbà wọlé.

Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, ló rà á. Akọ̀wé ni wọ́n ní ọ́fíìsì kan ní Marina, òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló sì tà á fún wọn ní 1968. Wọ́n ní ìyá bàbá mi kò bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìjókòó méjì péré, ọmọ mẹ́ta ti wà nílẹ̀, oyún ìkẹrin sì wà nínú. Oyún yẹn ni bàbá tèmi.

Ẹ má rò pé mọ́tò jẹ́ nǹkan àjèjì ládùúgbò wa nígbà náà o. Láti 1901 ni afárá Carter ti so erékùṣù Èkó pọ̀ mọ́ Ìddó, ní 1902 sì ni tíráàmù tó ń fi èéfín rìn bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí rẹ̀ kọjá, títí wọ́n fi pa á tì ní 1933. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọmọ Èkó kan, W. A. Dawodu, ti ń kó kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò wọ̀lú tà, ó sì ní ilé iṣẹ́ tó ń tún wọn ṣe. Nígbà tí àwọn bàbá wa máa dàgbà, Bedford ti gba ojú títì. Wọ́n á ra iwájú àti ìdí rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, káfíńtà tiwa á fi pákó kan ara rẹ̀, ó ti di bọ́lẹ̀kájà nìyẹn. Àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì ń wa Morris Minor, Austin àti Hillman. Àwọn tó lówó ju ọ̀gá lọ, ẹ ti gbọ́ ìtàn Louis Ojukwu, tí wọ́n máa ń sọ pé Rolls-Royce rẹ̀ ni wọ́n yá lò nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá ní 1956.

Gbogbo mọ́tò tí mo dárúkọ yìí, láti orí bọ́lẹ̀kájà dé orí Rolls-Royce, nǹkan kan pa wọ́n pọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn wọn wà, nítorí pé ọwọ́ òsì ni gbogbo wa ń gbà lójú títì, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kó mọ́tò wá ṣe ń gbà á. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà lónìí.

Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 1972, ìjọba Gowon pààrọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ Àjíǹde gan-an. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: Dahomey tó di Benin lónìí, Niger, Chad, Cameroon, ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn ń gbà. Ẹni tó bá wa mọ́tò kọjá Sẹ̀mẹ̀, ó ní láti kọjá sí òdìkejì títì kó tó máa bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ. Àwa nìkan kọ́ là ń ronú bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Sweden ti pààrọ̀ tirẹ̀ ní 1967, Sierra Leone ní 1971, Ghana sì ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn wa, ní 1974.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rò ni pé ìjọba lè pààrọ̀ ọ̀nà láàárín òru kan. Kò lè pààrọ̀ sítíárìn.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, torí èmi náà kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a ń gba ọwọ́ òsì, awakọ̀ tó jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún wà ní ẹ̀gbẹ́ àárín títì. Ó ń rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, awakọ̀ kan náà, nínú mọ́tò kan náà, wá di ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Tí lọ́rì bá wà níwájú rẹ̀ tó sì fẹ́ kọjá lára rẹ̀, ìdí lọ́rì nìkan ló máa rí. Kí ojú rẹ̀ tó lè tó iwájú, ó ti ní láti ti ìdajì mọ́tò rẹ̀ bọ́ sí ọ̀nà ẹlòmíràn. Inú MGB sì rèé, o fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Táyà lọ́rì ló wà níwájú rẹ.

Àwọn kan ta mọ́tò wọn. Àwọn kan san owó fún mẹkáníìkì pé kó gbé sítíárìn lọ sósì. Àwọn tí kò lówó èyíkéyìí ń wà á lọ bẹ́ẹ̀. Mẹ́tírì náà ń yí padà bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́jà mọ́tò: ní 1975, Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Kàdúná, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Òjó níbí, ọwọ́ òsì ni sítíárìn gbogbo wọn. Leyland ti Gẹ̀ẹ́sì dé Ìbàdàn nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù àti Land Rover ni wọ́n gbájú mọ́. Mọ́tò kékeré ti bọ́ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi gbà pé ọjọ́ Àjíǹde yẹn wà lára ohun tó gbà á lọ́wọ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Peugeot lágbára lórí ọ̀nà wa ju Austin lọ, ká sọ òótọ́.

Ó dára. Ẹ jẹ́ ká padà sí àgbàlá.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ń tún mọ́tò náà ṣe. Àlàájì la ń pè wọ́n. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, orókùn ń dùn wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ń wọ abẹ́ mọ́tò. Ìdí tó fi jẹ́ ọdún yìí ni pé ẹbí ti fohùn ṣọ̀kan láti gbé ilé fún àwọn tó máa wó o kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Gbogbo ẹrù gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹ ò lè bá ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó sọ̀rọ̀ wíwó ilé kó má rántí 1955, nígbà tí LEDB bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín Èkó, tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tiwa yè é nígbà yẹn. Ní báyìí àwa fúnra wa la fọwọ́ sí i. Onírin àlòkù kan wá, ó wo MG, ó ní òun á rà á ní kílò. Àlàájì dá a lóhùn pé kó lọ ra ìyá ẹ̀ ní kílò. Mo gbà á sílẹ̀, mo kàn yọ ohun tó tẹ̀lé e ni.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ìpẹtà. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ni Èkó ń mí, iyọ̀ sì wà nínú rẹ̀. MGB kò ní ṣáàsì lábẹ́ bíi Bedford. Ara rẹ̀ gan-an ni eegun rẹ̀. Irin tó gùn lọ lábẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì ló gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀ ró, ibẹ̀ gan-an sì ni omi máa ń dúró sí. Tiwa ti di bíi bísíkíìtì. Panẹ́ẹ̀bítà fẹ́ gé e dànù lójú ẹsẹ̀. Àlàájì ní kó dúró. Wọ́n kọ́kọ́ jó ọ̀pá irin kan mọ́ ojú ilẹ̀kùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, nítorí pé tí o bá gé irin abẹ́ yẹn láì ti mọ́tò náà mú, á tẹ̀ láàárín, ilẹ̀kùn kò sì ní í pa dé mọ́ láéláé. YouTube ni wọ́n ti kọ́ ọ, lórí fóònù mi, dátà mi ló sì jẹ.

Ìkejì ni sípánà. Ẹ wo àpótí mẹkáníìkì yòówù ní Ládípọ̀: 10, 13, 14, 17. Mìlímítà ni. Ìǹṣì ni wọ́n fi ṣe nọ́ọ̀tì MGB. Nọ́ọ̀tì ìdajì ìǹṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 13 mu, "fẹ́rẹ̀ẹ́" yẹn ló ń ba ayé jẹ́, nítorí sípánà á yọ̀, á fá etí nọ́ọ̀tì dànù. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi wá sípánà ìǹṣì. Ọwọ́ bàbá arúgbó kan tó ti tún Bedford ṣe nígbà èwe rẹ̀, lẹ́yìn Ẹnu Ọ̀wá, la ti rí i, tí wọ́n fi aṣọ ẹpo dì bí ẹní di wúrà. Wọn ò tà á. Wọ́n yá wa, wọ́n sì ń pè ní alaalẹ́ pé ṣé ó ṣì wà lọ́dọ̀ wa.

Bátìrì náà ní tirẹ̀. Méjì kékeré ló ń lò, fóòtì mẹ́fà mẹ́fà, lẹ́yìn ìjókòó. Ní MGB ti 1965, ẹsẹ̀ pọ́sítíìfù ni wọ́n so mọ́ ara mọ́tò, kì í ṣe nẹ́gétíìfù bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Rẹ́wáyà tó wá kò gbà. Ó ní ogún ọdún lòun fi ń ṣiṣẹ́ yìí, òyìnbó kan kò lè wá fi èyí kọ́ òun. Díẹ̀ ló kù kó sun dáínámò wa.

Ẹ̀yà ara rẹ̀ kò wọ́n bí ẹ ṣe rò. Ilé iṣẹ́ British Motor Heritage ṣì ń fi ẹ̀rọ àtijọ́ tẹ odindi ara MGB jáde lọ́tun láti 1988. Mọ́tò tó ti kú láti 1980, o lè ra ara rẹ̀ ní tuntun! Kẹ́ ẹ wá lọ wá búmpà Nissan 1998 ní Ládípọ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Houston ló ní òun á san owó gbogbo ẹ̀yà ara. Àmọ́ wọ́n fi nǹkan kan sí i: kí wọ́n gbé sítíárìn lọ sósì. Ọ̀pọ̀ MGB ló lọ sí Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un, sítíárìn ọwọ́ òsì sì pọ̀ níbẹ̀ bí iyẹ̀pẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn mọ́gbọ́n dání. Òfin ìrìnnà wa kò fàyè gba sítíárìn ọ̀tún. Bí wọ́n bá tún un ṣe tán pẹ̀lú sítíárìn ọ̀tún, ta ló máa fún un ní nọ́ńbà? Ère lásán ni.

Àlàájì kọ̀. Wọn ò sọ ìdí. Lórí WhatsApp ẹbí, ọ̀rọ̀ náà gbóná fún oṣù kan gbáko. Èmi náà wà lẹ́yìn Houston, mi ò ní purọ́ fún yín.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣí àpótí kékeré tó wà níwájú ìjókòó òsì. Ìdìpọ̀ rìsíìtì ló wà níbẹ̀. Pọ́n-ùn àti ṣílè ni wọ́n fi kọ àwọn ti ìsàlẹ̀, òróró àti pílọ́ọ̀gì, títí dé 1972. Àwọn tó kù jẹ́ náírà àti kọ́bọ̀, torí oṣù kìíní 1973 ni náírà dé. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé Bàbá Àgbà wa mọ́tò yìí fún ọdún méjì lẹ́yìn tí ọ̀nà ti yí padà. Ti ìkẹyìn jẹ́ oṣù kẹjọ 1974: iná iwájú kan, ti òsì. Iná náà wà nínú búùtù, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e, wọn ò lò ó rí.

Mo gbé rìsíìtì náà lọ bá Àlàájì. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní kí n tan máìkì.

Ohun tí wọ́n sọ rèé. Lẹ́yìn ọjọ́ Àjíǹde yẹn, Bàbá Àgbà kò lówó láti gbé sítíárìn. Àwọn ni wọ́n wá ń gbé jókòó sósì, níbi tí awakọ̀ yẹ kó wà, kí wọ́n máa fi ojú wọn ríran. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Tí lọ́rì bá wà níwájú, Bàbá Àgbà á ní, "Wò ó fún mi." Ọmọ á yọrí síta, á wo iwájú, á dáhùn "Ó dá, sà" tàbí "Ẹ dúró, sà." Àlàájì ní kò sí ohun tó dùn mọ́ wọn láyé tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rẹ́ wọn kan kò ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní 1974, wọ́n ń bọ̀ láti Ìkòròdú. Lọ́rì oní-gẹdú wà níwájú. "Wò ó fún mi." Wọ́n yọrí. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lójú. Wọ́n ní, "Ó dá, sà."

Kò dá. Tákísí kan ń bọ̀. Bàbá Àgbà fa sítíárìn padà, iwájú òsì mọ́tò lọ, iná fọ́, orí awakọ̀ tákísí bẹ́ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n dé ilé, Bàbá Àgbà ra iná tuntun, wọ́n fi sí búùtù, wọn ò sì wa mọ́tò náà mọ́ títí wọ́n fi kú.

"Wọn ò bá mi wí," ni Àlàájì sọ. "Ká ní wọ́n nà mí ni, ì bá ti tán lọ́jọ́ náà. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá ní, "Tí ẹ bá gbé sítíárìn lọ sósì, ibo ni mo jókòó sí nígbà náà?"

Mi ò rí èsì fún wọn. Mo béèrè bóyá mo lè gbé e sáfẹ́fẹ́, wọ́n ní kí n gbé e, pé kí ẹ̀gbọ́n wa ní Houston gbọ́ ọ níbẹ̀ torí àwọn ò lè tún un sọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, èmi pẹ̀lú wọn lọ sí mùsíọ́mù ní Oníkan. Ẹ mọ mọ́tò tó wà níbẹ̀: Mercedes tí wọ́n pa Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní ọjọ́ 13, oṣù kejì, 1976. Ihò ọta ìbọn ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé ń ti ara wọn kí wọ́n lè rí i. Àlàájì fọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń ka àwọn ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a jáde, ohun tí wọ́n sọ kò ju pé, "Kò sẹ́ni tó fi bọ́dì fílà dí i." Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí panẹ́ẹ̀bítà na iwájú òsì títí iná á fi lè wọlé, kó fi ibi tó tẹ̀ lókè sílẹ̀ bó ṣe wà. Iná 1974 yẹn ni wọ́n fi sí i. Ó tàn. Sítíárìn wà lọ́tùn-ún. Ẹ̀gbọ́n Houston fi owó ránṣẹ́ láì kọ ọ̀rọ̀ kankan tẹ̀lé e.

Mọ́tò náà ń lọ sí ọgbà ọkọ ọmọ Àlàájì kan ní Ẹ̀pẹ́. Kò ní í rí nọ́ńbà, kò sì ní í gun títì. Ọkọ̀ tó máa gbé e kò lè wọ àdúgbò wa, oríta ló dúró sí, nítorí náà MG ní láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde nínú ilé.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Àìkú ni. Ẹ́ńjìnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbà. Bàbá mi ṣí géètì. Àlàájì wà lọ́tùn-ún, èmi wà lósì. Ògiri ilé wa àti ti ilé kejì yọ síta, ẹni tó jókòó lọ́tùn-ún kò lè rí òsì títì rárá. Wọ́n tẹ bíréèkì.

"Wò ó fún mi."

Mo yọrí síta. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan ń bọ̀, kò tan iná. Mo ní, "Ẹ dúró, sà." Ó kọjá. Títì dá páropáro. Mo tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì kí n tó la ẹnu.